Ta ni àwọn ẹgbẹ̀rún tó ṣubú yẹn?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà àwa òǹkàwé. Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn yín lọ́jà Bódìjà níbí ti mọ̀ mí dáadáa, tó bá ti ń bọ̀ báyìí á ti fa ọ̀kan yọ, kódà tí mi ò bá tíì tajé á ní Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ẹ máa kà á lọ, ẹ ó sanwó tó bá dìrọ̀lẹ́. Mi ò kọ̀wé sí yín rí. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ eléyìí sórí fóònù, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀, torí náà tí ẹ bá rí ibi tó gùn jù ẹ má bínú, ẹnu mi ni kò dákẹ́.

Lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló fà á. Ó kọ nípa Sáàmù 91, ó dùn ún kà, mo ń ṣe àmín bọ̀ látòkè, àfi ìgbà tí mo dé ibi tó ti ní ẹni tó bá ń gbé abẹ́ òjìji Olódùmarè lóòótọ́ kò ní sunkún ọmọ láéláé, pé àwọn tí ogun bá borí wọn kí wọ́n lọ yẹ ìgbàgbọ́ wọn wò, ó ní láti jẹ́ pé ibì kan ti jò. Mò ń jọ ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́ nígbà yẹn, mo gbé ajọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀lùbọ́ ti bò mí lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ojú ìka mi ṣì wà lára bébà yẹn títí di ìsinsìnyí, lórí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an.

Mi ò bá arákùnrin náà jà o. Ọlọ́run tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lèmi náà ń sìn, Òun ló sì gbà mí níbi tí mo máa sọ yìí. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe rí i kó tó gbà mí.

Ọdún 2005 la ṣègbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í so ẹni tí ò bá mú èsì jẹ́nótáìpù wá, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ni, torí náà àwa méjèèjì lọ ṣe é, ọkọ mi jáde ní AS, èmi jáde ní AA, a fò fáyọ̀. Lábù tí mo ti ṣe tèmi, mi ò ní dárúkọ wọn, yàrá kan ṣoṣo ni, wọ́n ń ta káàdì fóònù níwájú, wọ́n ń gbẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi já ìwé fún mi. AS lèmi náà. Ìgbà tí ọmọ ti dé la tó mọ̀.

2007 la bí i, ọkùnrin. Nígbà tó tó bí oṣù mẹ́jọ, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ó ń dán, bíi búrẹ́dì tó ń wú nínú agolo, tí n bá fọwọ́ kàn án báyìí á figbe ta. Ìyá ọkọ mi wò ó, wọ́n jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní bí ti Málọmọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Málọmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta ló kú. Dúrójayé tó tẹ̀lé e náà ò dúró. Gbogbo àdúgbò gbà pé àbíkú ni wọ́n, wọ́n so ṣaworo mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi orúkọ bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Màmá fi ń ru ẹ̀bi yẹn, pé bóyá àwọn rìn lọ́sàn-án gangan nígbà oyún, bóyá àwọn ṣẹ ẹnì kan. Ọjọ́ tí dókítà wá ṣàlàyé fún wa, wọ́n kàn ń mirí ni, wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣé ẹ̀jẹ̀ lásán ni?"

Fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó sọ àìsàn yẹn lórúkọ ti rí i rí.

Dókítà obìnrin yẹn fi ẹ̀wà funfun àti pupa ṣàlàyé fún wa lórí tábìlì. Ó ní tí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé kó jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde gan-an, kì í ṣe pé tí ẹ bá ti bí ọ̀kan ẹ ti bọ́ o, oyún tó kàn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́rin lórílẹ̀-èdè wa ló gbé AS, pé wọ́n ń ṣírò ẹ̀ pé ọmọ tó tó 150,000 là ń bí pẹ̀lú SS lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Ó wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní ẹni tó bá jẹ́ AS, ibà ẹlẹ́fọn kì í tètè rí i pa ní kékeré bó ṣe ń pa ọmọ tó jẹ́ AA, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa. Mo rò ó títí mo fi délé. Ohun tó ṣeé ṣe kó dáàbò bo èmi àti bàbá ẹ̀ ní kékeré ló wá di ogun sára ọmọ. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ààbò ò ju ká ka ẹsẹ kan ká sì lọ sùn, kó wá bá mi túmọ̀ ìyẹn.

Èmi náà ti ṣe wèrè ìgbàgbọ́ rí, ẹ má rò pé mo gbọ́n. Ọdún 2013, lẹ́yìn àìsùn kan, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí, ó ní jẹ́nótáìpù ẹ̀ ti yí padà, kí n lọ da oògùn nù torí ẹni tó bá ṣì ń lo oògùn kò tíì gbà gbọ́. Mo da fólíìkì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, nù. Mo da Paludrine tó ń dènà ibà nù. Ọmọ ń jìyà lójú mi lójoojúmọ́, ẹni tí odò ń gbé lọ, kò sí ohun tí kò ní dì mú. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dára, mo ti ń jẹ́rìí káàkiri ọjà, oṣù kẹrin ibà wọlé, kíráísísì, ìrora ńlá tó máa ń mú àwọn SS, gun orí ibà, funfun ojú ọmọ di yẹ́lò. A tún tẹ́ẹ̀stì ẹ̀ ṣe, SS ṣì ni. Mo pe òjíṣẹ́ Ọlọ́run yẹn, ó ní iyèméjì mi ló da iṣẹ́ náà rú. Ẹ ò rí nǹkan? Tó bá ṣẹ, àdúrà wọn ni, tí kò bá ṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni.

Kí ẹnikẹ́ni má fi Sáàmù 91 dẹ́rù bà mí mọ́. Ẹ lọ ka Mátíù orí 4, ẹni tó fi Sáàmù yẹn wàásù fún Jésù, Bìlísì ni, lórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, pé kó bẹ́ sílẹ̀, àwọn áńgẹ́lì á gbé e lọ́wọ́. Jésù ò bẹ́. Ó ní kò gbọdọ̀ dán Olúwa Ọlọ́run wò. Dída oògùn ọmọ nù, bíbẹ́ látorí tẹ́ńpìlì náà ni. Hesekáyà ńkọ́, nínú Àwọn Ọba Kejì orí 20? Ọlọ́run fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun máa wò ó sàn, òun máa fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ ayé ẹ̀, síbẹ̀ Aísáyà ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n sì fi lé oówo náà. Ìlérí ti wà nílẹ̀, wọ́n ṣì tún wá oògùn.

Ẹlòmíì á ní ṣebí àwọn bàbá wa tó dá ìjọ Aládúrà sílẹ̀ ò lo oògùn. Òótọ́ ni. Ìyá ìyá mi, ará Iléṣà ni wọ́n, ọmọge ni wọ́n nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè lọ́dún 1930, wọ́n wà lára àwọn tó gbé kèrègbè omi lọ síbẹ̀ kí wòlíì Babalọlá gbàdúrà sí i, wòlíì tó jẹ́ pé katakata tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà ló ń wà tẹ́lẹ̀ kí Ọlọ́run tó pè é. Kó tó dìgbà yẹn ni àwọn kan ti kóra jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti máa gbàdúrà, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ọdún 1918. Wọ́n di àdúrà mú, wọn ò gbé oògùn sẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé nígbà tí wọ́n pe àwọn míṣọ́nárì òyìnbó ìjọ Àpọ́sítélì wá láti ìlú òyìnbó lọ́dún 1931, kíníìnì tí àwọn òyìnbó yẹn ń lò torí ibà wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ jù, títí wọ́n fi pín yà nígbà tó máa fi di 1941. Ẹ wò ó, oògùn ibà!

Mi ò lè bú àwọn bàbá yẹn. Inflúẹ́ńsà yẹn, oògùn òyìnbó gan-an ò rí i ṣe nígbà náà, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lò, ó sì gbé wọn la odò. Àmọ́ èmi tí kẹ́mísì wà lẹ́yìn àtẹ mi ńkọ́? Ìyá ìyá mi gan-an, nígbà tí wọ́n dàgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dé, wọ́n ń gbàdúrà sí oògùn wọn kí wọ́n tó lò ó, wọ́n á gbé e sókè báyìí, wọ́n á ní Bàbá mo mọ̀ pé Ìwọ lo fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n padà. Ogun tó le jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti oṣù kẹjọ 2021. Ẹ rántí bí ọdún yẹn ṣe rí. Oṣù kẹfà ni àwọn agbébọn ya wọ ìlú Ìgàngàn lóru, àwọn dírẹ́bà tó ń kó ẹ̀lùbọ́ wá láti Ṣakí àti Ìgbòhò ń bẹ̀rù ọ̀nà, ọjà gbówó lórí. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ni àwọn dókítà hòsípítù ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ó fẹ́ẹ̀ tó oṣù méjì kí wọ́n tó padà. Àárín ìgbà yẹn ni òjò pa ọmọ mi bọ̀ láti lẹ́sìnnì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí òtútù oṣù kẹjọ Ìbàdàn sì wà níta. Lóru, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ní, "Màmi, ẹsẹ̀ mi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá ti mọ́ kíráísísì kì í pariwo, ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹ̀ nílé mọ̀, á dùbúlẹ̀ á máa ka àjà, tó bá kà á dé ìparí á tún bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ ẹ ti da kíkà yẹn rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọkọ mi wà ní Ìgbòhò níbi ọjà. Èmi nìkan gbé e lọ sí hòsípítù aládàáni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, PCV 13, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́ tán lára ẹ̀. Wọ́n ní páìntì méjì, kíákíá, O pọ́sítíìfù, àwọn ò sì ní in nílẹ̀. Mo pe pásítọ̀, fóònù ń dún, wọn ò gbé e, aago mẹ́rin òru kúkú ni. Mo pe àwọn àbúrò mi, ọ̀kan wà l'Ékòó, ọ̀kan lóyún. Nígbà tílẹ̀ ń mọ́, mo gun ọkàdà wá sọ́jà, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo wá ṣe, mo kàn jókòó sórí àpò ọjà mi mo ń sunkún.

Àwọn ọmọ Háúsá alábàárù tó máa ń bá mi já ẹ̀lùbọ́ ló bá mi níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, kí ló dé?" Mo sọ. Àwọn mẹ́ta ló bọ́ òṣùká sílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀lé mi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ti ẹnì kan ò bá tọmọ mu, ti àwọn méjì bá a mu. Mo ń ṣí pọ́ọ̀sì kí n fún wọn lówó, èyí tó dàgbà nínú wọn kọ̀, ó ní kí n sáà ra tíì. Mo ra tíì, mo ra búrẹ́dì àti ẹyin, wọ́n jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì iwájú hòsípítù, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Páìntì méjì ẹ̀jẹ̀ mùsùlùmí ló wọ ara ọmọ mi. Áńgẹ́lì tí Sáàmù ní wọ́n á gbé wa sókè lọ́wọ́, tèmi ti ń gbé àpò ẹ̀lùbọ́ mi kiri láti ọjọ́ yìí, mo sì máa ń bá wọn yọwó pé ó ti pọ̀ jù.

Tó bá jẹ́ ibi tí ìtàn yìí parí sí nìyẹn, arákùnrin yẹn ì bá tún fi kún lẹ́tà ẹ̀.

Àmọ́ a ò nìkan wà nínú yàrá yẹn. Ọmọdébìnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé, ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án, SS náà ni, àyà ń dùn ún, kò lè mí dáadáa. Ìyá ẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Láti aago méjìlá òru dé aago mẹ́ta, orí ìkúnlẹ̀ ló wà lálaalẹ́, lórí sìmẹ́ǹtì, kò tẹ́ nǹkan kan, omi àdúrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, dókítà dé ó dìde, dókítà lọ ó tún kúnlẹ̀. Gbogbo oògùn tí wọ́n kọ fún un ló rà. Èmi ńkọ́? Mò ń sùn. Ẹ gbọ́ o, mò ń sùn, mo gbórí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi mo ń hanrun, tí mo bá ta jí màá ní "Jésù," oorun á tún gbé mi lọ.

Òru ọjọ́ kẹta, kó tó di ìrun àárọ̀, ọmọbìnrin yẹn lọ.

Ìyá ẹ̀ ò pariwo. Ó ká aṣọ ìbora ọmọ náà sí mẹ́rin, ó tú u, ó tún un ká. Nígbà tó ṣe, ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà, wọn ò tíì já a, ẹ lò ó fún bọ̀ọ̀dá." Abẹ́rẹ́ ìrora méjì àti dírípù kan. Ó ní Ọlọ́run á dá tiyín sí. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n gún ọmọ mi ní ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ yẹn, ó sì sùn, oorun tó kọ́kọ́ sùn láti ọjọ́ mẹ́ta.

Oṣù tó tẹ̀lé e, a ṣe ìdúpẹ́. Mo ra aṣọ tuntun fún un, a jó dé iwájú pẹpẹ, pásítọ̀ fún mi ní máìkì. Mo ti ń bá a bọ̀ dáadáa, mo sọ ti òjò, mo sọ ti ẹ̀jẹ̀, ìjọ ń pariwo halelúyà, ni ẹnì kan bá kígbe látẹ̀yìn pé, "Ẹgbẹ̀rún yóò ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ!" Gbogbo ìjọ gbà á lẹ́nu ẹ̀, "Ẹgbàárùn-ún ní apá ọ̀tún rẹ!" Ohùn mi gé. Apá ọ̀tún mi gan-an ni bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé yẹn wà. Mo dá máìkì padà. Wọ́n rò pé ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún, wọ́n tún kọrin sí i.

Ohun tí mo fẹ́ bi arákùnrin wa nìyẹn. Ta ni àwọn ẹgbẹ̀rún tó ṣubú yẹn? Ṣé wọn ò ní ìyá ni? Ṣé àwọn ò ka Sáàmù kan náà kílẹ̀ tó mọ́? Tó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ ló ń gba ọmọ là, tìyá yẹn ni ì bá yè, tèmi tí mò ń hanrun ni ì bá lọ. Mi ò mọ ìdí. Mo ti bi Ọlọ́run, mo ti bínú sí i pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, Kò tíì dá mi lóhùn, mi ò sì fi í sílẹ̀.

Ibi tí mo wá gbára lé nínú Sáàmù yẹn báyìí, ìsàlẹ̀ ni, ẹsẹ 15, "Èmi ó pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìpọ́njú." Nínú ẹ̀ ni o, kò ní lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn ọmọ Hébérù mẹ́ta yẹn náà, a máa ń sáré lọ síbi tí ẹnì kẹrin ti yọ nínú iná, a kì í dúró níbi tí wọ́n ti dá ọba lóhùn kí iná tó dé. Wọ́n ní Ọlọ́run àwọn lè gba àwọn, wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ kọ́." Bí Kò bá gbà wá ńkọ́, a ò ní tẹríba fún ère rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu obìnrin tó ń ká aṣọ ìbora, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pè é bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ tí ọmọ ẹ̀ kú ló ní Ọlọ́run á dá tèmi sí. Èmi tí ọmọ tèmi yè, kò dá mi lójú pé mo lè sọ ọ́.

Ọmọ mi wà. Ó ṣì ń lo fólíìkì, ó ń mumi kiri bí ẹja, tí òtútù bá mú á wọ súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ jókòó ti àtẹ, àwọn oníbàárà á máa fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má fi orúkọ òun sínú ìwé ìròyìn o. Mo ti gbọ́.

Ìyá ọmọ yẹn di oníbàárà mi. Kò mọ̀ pé ibí ni mo wà, ó kàn ń kọjá lọ́jọ́ Sátidé kan ni, a rí ara wa. Ó máa ń wá bí oṣù bá parí, kóńgò méjì ló máa ń rà, mo máa ń bu ènì sí i títí ọ̀rá á fi fẹ́ ya, á ní ẹ̀gbọ́n ó tó, èmi á ní kò tíì tó. A kì í sọ̀rọ̀ yàrá yẹn. Tó bá ti gbé ọjà ẹ̀ tó fẹ́ máa lọ, á bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá ńkọ́?" Màá ní ó wà. Mo máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́,
Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.